Sípíkà Àárín fún Àwọn Ará Ẹ̀yìn

Ṣàràfá kì í fi orin dán sípíkà wò. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ nìyẹn láàárín gbogbo àwọn tó ń tún sípíkà ṣe ní Sabon Gari ní Kano, ohun náà ló sì ń lé oníbàárà mìíràn sá. Ẹni tó bá gbé àpótí wá á fẹ́ gbọ́ béèsì tó ń mi ògiri, kí gbogbo Ibo Road lè mọ̀ pé òun ti ra nǹkan. Ṣàràfá á wá na máìkì sí i, á ní kó sọ̀rọ̀. Orin máa ń purọ́, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Sípíkà tí kò dára lè sá pamọ́ sábẹ́ orin, ṣùgbọ́n kò lè sá pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Sharon. Mo ń tẹ̀wé, mo sì ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń gbọ́ "ẹ sọ̀rọ̀, ẹ sọ̀rọ̀" láti ẹ̀yìn ògiri yẹn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìfẹ́ ló ń tì mí kọ ìtàn ọkùnrin náà. Ó le. Bí ó bá ń fi irin gbígbóná jó òjé mọ́ wáyà tí o kí i, kò ní dá ọ lóhùn títí yóò fi jó o tán. Ìwọ á ti máa bá tìrẹ lọ, á wá sọ pé "lafiya" lójijì, nígbà tí o ti gbàgbé pé o kí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀fà ni bàbá bàbá rẹ̀ ti bá rélùwéè dé Kano. Kano ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, Kano ni wọ́n bí òun náà sí, ó sì ti pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Ilé-kéwú ló kọ́kọ́ lọ, ó tún lọ sílé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ó ń ka Lárúbáwá, ó ń ka Hausa, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tó bá di ìwé Yorùbá, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá kí n kà á fún un. Ó ní àwọn àmì orí ọ̀rọ̀ ń sá fún ojú òun. Yorùbá ẹnu rẹ̀ náà, àdàlù ni, bíi ti gbogbo wa níbí. Bushrat ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́ gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ bá wí, Hausa ló sì fi ń dáhùn. Sharon tèmi náà ò yàtọ̀, n kò lè fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìdí tó fi ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu dán sípíkà wò rọrùn láti lóye. Nínú àpótí ńlá, mẹ́ta ni wọ́n máa ń wà. Ọ̀kan tóbi, òun ló ni béèsì. Ọ̀kan kéré, òun ló ni ohùn tó ń ṣe ṣíì-ṣíì. Èyí tó wà láàárín, òun ni ohùn ènìyàn ń gbà kọjá. Àwọn tó ń ra àpótí máa ń bi í léèrè èyí ńlá, wọ́n máa ń bi í léèrè èyí kékeré, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni bi í léèrè ti àárín. Ìbínú rẹ̀ sí wọn ò lópin.

Nínú oṣù ọyẹ́ tó kọjá, Màmá Mọ́yọ̀ọ̀lá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni wọ́n, àwọn ni ògbufọ̀ ìjọ wa. Bí pásítọ̀ bá sọ gbólóhùn kan ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á sọ ọ́ ní Yorùbá fún àwọn àgbà tó ń jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí ẹni tí orúnkún ń dùn ti lè tètè rí ọ̀nà jáde. Inú ọgbà kan náà ni Màmá àti àwọn òbí Ṣàràfá jọ gbé láyé àtijọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, yàrá Màmá ló sì ń sùn sí fún ọdún kan gbáko. Bí ó ṣe rí wọn, ó ju irin ìjó-òjé sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. N kò rí i kó ju irin yẹn sílẹ̀ fún ẹlòmíì rí.

Màmá jókòó, wọ́n sì sọ ohun tó gbé wọn wá. Ìgbìmọ̀ ìjọ ti ní ògbufọ̀ ń fa ìsìn gùn lásán, pé lójú oorun ni àwọn ará ẹ̀yìn ti ń ṣe àmín. Bí oṣù bá parí tí kò sí àmì pé àwọn ará ẹ̀yìn ń gbọ́, wọ́n á dá a dúró, ìsìn á di Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ṣàràfá ní bóyá ó yẹ kí Màmá sinmi náà. Màmá wò ó.

"Àwọn ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń dá wọn lóhùn," ni wọ́n wí. "Kano ni mo sin ọkọ mi sí, Ṣàràfá. Bí wọ́n bá gba máìkì lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn mọ́?"

Ṣàràfá kò tún sọ̀rọ̀ ìsinmi. Lọ́jọ́ kejì ó lọ tú àpótí méjèèjì tó wà ní apá ẹ̀yìn nínú ilé ìsìn wa wò. Béèsì wọn ń ṣiṣẹ́, kékeré wọn ń ṣiṣẹ́. Kọ́ìlì sípíkà àárín ti jó nínú ọ̀kan. Nínú èkejì, ọyẹ́ ti jẹ fóòmù tó yí etí pépà rẹ̀ ká, ó kàn ń já sílẹ̀ bí ẹ̀kúrú gbígbẹ. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn la fa ilé ìsìn gùn tí a gbé àwọn àpótí yẹn síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣí wọn wò láti ọjọ́ náà. Inú bí i dé ibi pé kò jẹun ọ̀sán.

Ó wá sípíkà àárín mẹ́ta jọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀. Ọ̀kan jẹ́ họ́ọ̀nù onírin. Ojú ọ̀kan jẹ́ rọ́bà dúdú. Ọ̀kan jẹ́ onípépà, ínǹsì mẹ́jọ, aṣọ ni wọ́n fi ṣe etí rẹ̀ dípò fóòmù, nítorí ọyẹ́ kì í jẹ aṣọ. Ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí Màmá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù tèmi pẹ̀lú máìkì, kí n má lè rí ẹnu wọn. Ó rán èmi lọ sí ìkòríta, láàárín ariwo kẹ̀kẹ́ Márúwá tí a ń pè ní a-daidaita àti àwọn tó ń polówó káàdì, pẹ̀lú bírò àti ìwé. Màmá á máa pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin bó bá ṣe wù wọ́n: ará, ara, àrá, àrà. Èmi á máa kọ èyí tí mo bá gbọ́. Bí àwa méjì bá bára mu, sípíkà náà dára. Bí a ò bá bára mu, kò dára, kódà kó jẹ́ wúrà ni wọ́n fi ṣe é.

Họ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ fi sí i. Ohùn Màmá gún mi létí láti ibi tí mo wà, àwọn aláàda­idaita méjì wẹ̀yìn. Gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀, àrá ni. Ó yí i sí onírọ́bà. Ìyẹn ò pariwo, ṣùgbọ́n ńṣe ló dà bíi pé Màmá fi fura oníwàrà sẹ́nu kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀, mo sì gba méjì nínú mẹ́rin. Ó wá yí i sí onípépà. Mo gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo tilẹ̀ gbọ́ bí Màmá ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n pe ìkẹyìn.

"Èyí ni," Ṣàràfá wí nígbà tí mo padà dé. "Wannan. Èyí ló ní ɗumi."

Mo bi í léèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lára sípíkà. Ó ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń lò, "warm", Hausa rẹ̀ ni ɗumi, kí n bá òun fi Yorùbá kọ ọ́ nínú lẹ́tà tí òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀. Ìjọ wa kì í gba lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lórí ohun tó bá kan ìsìn Yorùbá. Ìlànà àwọn tó dá ìjọ sílẹ̀ ni, èmi ni mo sì ń jẹun nínú rẹ̀.

Mo ní láti sọ bí mo ṣe kọ lẹ́tà náà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Mo gba A nínú Yorùbá nígbà tí mo jáde ìwé mẹ́wàá, n kò sì tíì gbàgbé. Mo fi gbogbo àmì sórí ọ̀rọ̀, kò sí èyí tó yẹ̀ lára wọn. Nígbà tí mo dé ibi ɗumi, mo rò ó: kò gbóná, kò sì tutù. Ọ̀rọ̀ kan yọ sí mi lọ́kàn wẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ tó ti wà létí mi láti sọ́ńdè-sìkúùlù, mo sì tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: *Mo fẹ́ kí ilé ìsìn yín ní ohùn tí ó ṣe ìlọ́wọ́wọ́.* Inú mi dùn sí ara mi. Ṣàràfá fọwọ́ sí i láì kà á. Báwo ni ì bá ṣe kà á?

Ọjọ́bọ̀ ni ìgbìmọ̀ jókòó. Ọjọ́ Sátidé, àwọn kan tí ìgbìmọ̀ rán gbé họ́ọ̀nù méjì wá láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Airport Road, wọ́n kàn án mọ́ ògiri ẹ̀yìn. Mo rò pé owó Ṣàràfá ló pọ̀ jù lójú wọn. Òun náà ò béèrè ìdí. Ó kàn ní "ba komai", pé kò sí nǹkan, ó sì gbé sípíkà onípépà náà àti ìkejì rẹ̀ tó ti wá kún un sábẹ́ tábìlì.

Ìsìn ọjọ́ kejì kò ṣe é fẹnu sọ. Pásítọ̀ sọ gbólóhùn àkọ́kọ́, Màmá ṣí ẹnu, àwọn ọmọdé sì fọwọ́ dí etí. Ohùn Màmá tó jẹ́ ohùn pẹ̀lẹ́ ń gé bí ayùn. Bàbá Matthew, tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, tí wọ́n sì dàgbà jù nínú àwọn ará ẹ̀yìn, gbé ọ̀pá wọn, wọ́n jáde lọ jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò. Àwọn mẹ́rin tẹ̀lé wọn. Màmá rí wọn bí wọ́n ṣe ń jáde. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, wọ́n kò fo gbólóhùn kan.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Fúnlọ́lá, akọ̀wé ìjọ, gbé àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ wá kí n tẹ̀ ẹ́, bó ṣe máa ń ṣe lóṣooṣù. Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ láì ronú. Mo dé ibi tí wọ́n ti ka lẹ́tà Ṣàràfá sókè. Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn, ti bi ìgbìmọ̀ léèrè bóyá ó yẹ kí ìjọ fowó ra ohun tí Olúwa ní nínú ìwé Ìfihàn pé òun yóò pọ̀ jáde lẹ́nu. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ó dà bíi pé ńṣe ni Mùsùlùmí náà ń fi ìgbàgbọ́ wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlòmíì ní ohùn gbígbóná bí iná ló yẹ ìjọ. Wọ́n fẹnu kò sí họ́ọ̀nù. Nísàlẹ̀ pátápátá, Fúnlọ́lá ti fi bírò mìíràn kún un pé lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá, alága ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣe ògbufọ̀ Yorùbá kẹ́yìn.

Mo pa ẹ̀rọ. Ojú tì mí, n kò ní fi bò. Ìlọ́wọ́wọ́! Èmi tí mo gba A. N kò sì tíì jẹ́wọ́ tán: mo jókòó síbẹ̀ títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mò ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ Ṣàràfá ló wà nísàlẹ̀ lẹ́tà, pé kò sí ẹni tó máa mọ̀. Lẹ́yìn ògiri, mo ń gbọ́ ọ tó ń sọ fún oníbàárà kan pé kó sọ̀rọ̀.

Mo dìde lọ bá a, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n pe ọ̀rọ̀ náà fún òun. Mo pè é. Ó béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ burúkú ni. Mo ní nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ ni.

"To, ó dáa," ló wí. "Ẹ má lọ bá ẹnikẹ́ni, Ìyá Sharon. Èmi ni mo sáìn lẹ́tà náà. Ọ̀dọ̀ yín ni gbogbo wọn ń gbé ìwé wá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ yín."

Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi. Mo gba ọ̀dọ̀ Màmá lọ, mo bi wọ́n léèrè ohun tó yẹ kí n kọ. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní òyìnbó ló ń wá ooru, nítorí ilẹ̀ wọn tutù. Bí inú Yorùbá bá dùn sí ohùn, ta ló ń sọ pé ó mú òun gbóná? "Ohùn tó tuni lára ni ọmọ yẹn ń sọ," ni wọ́n wí. "Ó sì yẹ kí ìwọ mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì mo wọ a-daidaita lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn ní àdúgbò Nassarawa. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ yẹn, pé ọkùnrin náà ò mọ Yorùbá kà, pé ohùn tó tuni lára ló ní kí n kọ. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Ìwọ? Ìwọ tí a ń kó gbogbo ìwé ìjọ fún?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n wá ní àwọn kò ní yí ìpinnu padà nítorí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí Ṣàràfá wá fi tirẹ̀ sí i. Àwọn fúnra wọn á jókòó sẹ́yìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Bí àwọn bá gbọ́, ó dára. Bí àwọn ò bá gbọ́, ó parí.

Ṣàràfá fi gbogbo Sátidé ṣe é. Ó tú họ́ọ̀nù, ó fi onípépà sínú àpótí, ó sì yí ojú àpótí kúrò lára ògiri sí ibi tí orí àwọn arúgbó máa ń wà. Nígbà tí ìsìn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, òun náà wà níbẹ̀, ó dúró ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Alága wà láàárín Bàbá Matthew àti obìnrin kan tó ń gbé rosary òkú ìyá rẹ̀ kiri bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í lò ó níjọ wa. Èmi wà lẹ́yìn wọn.

Pásítọ̀ sọ gbólóhùn àkọ́kọ́. Màmá sọ ọ́ ní Yorùbá. Kò pariwo. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n fà sún mọ́ wa, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kù. Mo gbọ́ ará, mo gbọ́ ara, mo gbọ́ ibi tí wọ́n ti mí. Bàbá Matthew gbé orí sókè. Pásítọ̀ sọ èkejì, Màmá sọ ọ́. Kò sí ẹni tó ṣe àmín lẹ́yìn, wọ́n kàn jókòó, wọ́n tẹjú mọ́ iwájú. Màmá rí i pé ẹ̀yìn dákẹ́, ẹ̀rù sì bà wọ́n, èyí hàn nínú ohùn wọn kí wọ́n tó fọhùn tán.

"Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Bàbá Matthew fi ọ̀pá ti ara wọn dìde. Wọn ò nílò máìkì.

"À ń gbọ́," ni wọ́n wí. "Mọ́yọ̀ọ̀lá, lónìí là ń gbọ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí a ti ń ṣe àmín sí ohun tí a kò gbọ́. A ò fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni."

Pásítọ̀ dúró. Gbogbo ìjọ yíjú sẹ́yìn, títí kan àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ gbogbo ohun tí bàbá sọ. Ọ̀gbẹ́ni Fọláhàn tẹjú mọ́ ilẹ̀; láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò tíì tún tẹ àkọsílẹ̀ kankan tó ní kí á dá ògbufọ̀ dúró. Màmá di máìkì mú mọ́ àyà. Sípíkà Ṣàràfá gbé èémí wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Ẹ forí jì mí," ni wọ́n wí. "Mo rò pé ẹ ń gbọ́ ni."